Gọ́tà yín mọ́, omi ṣì ń wọlé: ẹ lọ kí àwọn ará òkè odò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ní àdúgbò kan n'Ìbàdàn, létí ọ̀kan nínú àwọn ìṣàn tó ń wọ odò Ògùnpa. Oṣooṣù la ń ṣe ìmọ́tótó, a sì ń kó gọ́tà, síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá omi wọ ilé méjìlá. A ti dá owó jọ báyìí, ó jẹ́ ₦800,000. Alága wa fẹ́ kí á fi ra igi gbìn nítorí ìyípadà ojú ọjọ́ tí gbogbo ayé ń sọ. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí á fi da kọ̀ǹkéré sí ojú ọ̀nà. Àwọn àgbà kan sì ní òyìnbó ló ba ojú ọjọ́ jẹ́, kí òyìnbó lọ tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Akápò wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ilé méjìlá kì í ṣe kékeré. Mo mọ bí fóòmù tí omi ti wọ̀ ṣe ń rùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo sì mọ bó ṣe ń dun ìyá nígbà tó bá ń sá ìwé-ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ sí oòrùn ní ewé kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lè má tẹ́ alága lọ́rùn, ó sì lè má tẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́rùn. Ẹ má tíì ra igi. Ẹ má sì da kọ̀ǹkéré rárá. Ẹ kọ́kọ́ jáde kúrò ní àdúgbò yín ná. Omi tó wọ ilé méjìlá yẹn, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló rọ̀ sí ọ̀dọ̀ yín. Èyí tó pọ̀ jù, orí òrùlé àwọn tí ẹ kò mọ orúkọ wọn ló ti ṣàn wá. Ìdí nìyẹn tí gọ́tà yín fi mọ́ tí omi ṣì ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí, torí ìṣirò rẹ̀ kò le, ẹ sì lè ṣe é lójú gbogbo ẹgbẹ́ ní ìpàdé. Bí òjò mílímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, lítà omi kan géérégé ni. Ẹ wá mú ilé tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 10 sí mítà 12. Tí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ lé e lórí, ọ̀ṣọ̀rọ̀ ilé yẹn nìkan á da lítà 6,000 sílẹ̀. Ẹ wo táńkì dúdú onílítà 1,000 tó wà lórí òpó irin ládùúgbò yín. Mẹ́fà irú rẹ̀ nìyẹn láti orí ilé kan ṣoṣo. Bí ilé bá jẹ́ 40 lójú ọ̀nà kan, ó di lítà 240,000, a ò tíì ka ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀, a ò sì tíì ka àwọn ọgbà tí wọ́n ti fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ pátá. Ẹ wá ka iye ojú ọ̀nà tó dojú kọ ìṣàn yín láti òkè wá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò tó rọ̀ n'Ìbàdàn láàárín wákàtí bíi mẹ́rin jẹ́ mílímítà 187.5. Ilé kan náà tí mo ṣírò lókè yìí da lítà 22,500 sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn afárá já, adágún Ẹlẹ́yẹlé kún kọjá orí ògiri rẹ̀, omi gbé ẹja lọ nínú àwọn adágún Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ. Àwọn àgbà yín yóò sì rántí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọdún 1980, tí Ògùnpa jáde kúrò lójú odò. Omíyalé là ń pè é títí dòní. Ó pa ènìyàn tó lé ní 200, ó sì ba ọgbà ẹranko Agodi jẹ́ ráúráú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba fi kọ̀ǹkéré la ọ̀nà fún Ògùnpa. Lẹ́yìn ti 2011, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2014 fún iṣẹ́ àkúnya omi Ìbàdàn. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò kóyán rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n odò ńlá, bí ó ti wù kí wọ́n là á tó, ohun tí àwọn ìṣàn kéékèèké bá gbé wá fún un náà ló ń gbé. Ìṣàn tó gba ẹ̀yìnkùlé yín sì rèé, ẹ̀yin ni alábòójútó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dá àwọn àgbà lóhùn kí n tó lọ jìnnà, torí wọn kò purọ́. Èédú àti epo rọ̀bì tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń sun bọ̀ láti nǹkan bí 200 ọdún ló pọ̀ jù nínú ohun tó mú ayé gbóná. Gbèsè wọn ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ẹ dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó bá fi ìwọ̀n kan ṣoṣo gbóná sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius lè gbé ọ̀rinrin tó fi bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀rinrin yẹn bá di òjò, yóò rọ̀ ní gìdìgbà. Òjò náà ti ń rọ̀ báyìí, kò sì ní dúró kí wọ́n dá ẹjọ́ òyìnbó tán. Ẹ béèrè gbèsè, kí ẹ sì tún ẹnu kọ́fáàtì, ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, ṣe.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lóṣooṣù, tí ẹ bá gbà mí láyè kí n sọ ọ́, ni pé ọ̀wẹ̀ ni ẹ̀ ń bẹ, àáró ló sì yẹ kí ẹ dá. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń roko, wọn kì í pa méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, á gbé ẹmu kalẹ̀, ará àti ojúlùmọ̀ á bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó parí. Àáró kì í parí lọ́jọ́ kan. Ẹ bá mi ro tèmi lónìí, mo jẹ yín ní ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ẹni tó bá jẹ tí kò san, gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀ ọ́n, kò sì ní rí ọwọ́ nígbà tí ìrókò bá wó sínú oko tirẹ̀. Ìmọ́tótó tí ẹ ń ṣe nínú àdúgbò tiyín nìkan, ẹ̀yin ni ẹ bẹ ara yín lọ́wẹ̀, ẹ̀yin náà ni ẹ sì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù tó wà lókè yín lójú ìṣàn yẹn, kí ẹ sì wá èyí tó wà nísàlẹ̀ yín. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé kan, kí ọ̀dọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ọ̀dọ̀ yín gòkè lọ bá wọn ṣiṣẹ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí tiwọn sọ̀kalẹ̀ wá. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá, bí wọ́n ṣe ń kọ èésú.

Ẹ má gbé ẹjọ́ lọ bá wọn o. Mo bá àwọn àdúgbò mẹ́ta kan ṣiṣẹ́ nígbà kan, gbogbo wákàtí àkọ́kọ́ ìpàdé ló fi ìjà lọ. Alága òkè ní omi kì í dààmú àwọn, kí ló kan àwọn níbẹ̀. Ìyá kan láti ìsàlẹ̀ dìde, kò pariwo, ó kàn ní kí bàbá náà jọ̀ọ́ bá òun dé ilé. Wọ́n lọ. Ó fi ilà ẹrẹ̀ tó wà lára ògiri yàrá rẹ̀ hàn án, ó ga dé àyà ẹni tó dúró. Ó ní, "Ibí ni mo gbé ọmọ-ọmọ mi lé orí wọ́dúróòbù." Bàbá yẹn kò sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé ibi ìpàdé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló kó àwọn ọ̀dọ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹ ní mọ́gàjí ládùúgbò, ẹ ní baálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣíwájú yín lọ, kí ẹ sì mú ẹnìkan tí omi wọ ilé rẹ̀ dání.

Ó kan iyanrìn wàyí. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló máa ń bí gbogbo wa nínú nígbà tí a bá ń kó gọ́tà, torí òun la ń rí. Iyanrìn ló ń kún gọ́tà ní tòótọ́. Ó ń ti ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà lókè wá, ó sì ń ti ibi ìkọ́lé wá, níbi tí wọ́n ti da típà iyanrìn márùn-ún sí gbangba láìfi bùlọ́ọ̀kù yí i ká. Ẹ̀yin á fi ṣọ́bìrì kó o, ẹ ó wọ́ ọ jọ sétí gọ́tà, àwọn akólẹ̀ kò ní gbé e torí kì í ṣe pàǹtírí, òjò àkọ́kọ́ á sì dá a padà síbi tí ẹ ti kó o. Mo ti rí òkìtì kan náà tó wọ gọ́tà tó sì jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún kan. Owó àkọ́kọ́ tí ẹ máa ná, ẹ fi pe típà. Kí típà ti dúró sójú ọ̀nà kí ṣọ́bìrì tó wọ inú gọ́tà. Lóṣù tí owó típà kò bá sí, ẹ ṣa ọ̀rá àti ike nìkan, kí ẹ fi iyanrìn sílẹ̀.

Lókè níbi tí iyanrìn ti ń wá, iṣẹ́ tí kò gba owó púpọ̀ wà tí ẹ lè fi àáró ṣe. Lójú àgbàrá tó ń gbẹ́ ọ̀nà, ẹ to òkúta dínà rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó má ga ju orúnkún lọ. Àárín òkúta náà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lọ. Ẹ má fi èyí ṣeré, torí bí ẹ̀gbẹ́ bá rẹlẹ̀ ju àárín, omi á yà, á sì jẹ ìpìlẹ̀ ògiri ẹlòmíì. Omi á rọra kọjá, iyanrìn á jókòó sẹ́yìn òkúta, ẹ ó máa kó o níbẹ̀ tó ti gbẹ, kì í ṣe nísàlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Àwọn kan yóò dábàá pé kí ẹ fi irin ṣe àsẹ́ sí ẹnu kọ́fáàtì kí ìdọ̀tí má bàa wọ inú rẹ̀. Mo ti rí ibi tí irin bẹ́ẹ̀ ti gba àdúgbò sílẹ̀, mo sì ti rí ibi tó ti rì í. Irin tí kò sí ẹni tó ń kó ohun tó há sí i lẹ́nu, ògiri ni yóò dà láàárín òjò kan. Ẹ má ṣe é àfi tí ẹni tó ń gbé ní ogún ìgbésẹ̀ sí ibẹ̀ bá gbà láti máa kó o, tí ẹgbẹ́ sì ń san owó fún un lóṣooṣù. Kí ó máa kó o kí òjò tó rọ̀, kì í ṣe nígbà tí omi bá ń ru. Omi tó ń sáré tí kò ju bí sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, tó fi díẹ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Èyí tó tó sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré. Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́kadà yín pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ̀ǹkéré, mo mọ̀ pé ẹrẹ̀ ti sú yín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹ bá fi kọ̀ǹkéré bò, omi tó ń rì sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á dìde, á sì máa sáré lọ bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ yín. Ohun tí ará òkè ń ṣe fún yín gan-an lẹ ó ti máa ṣe fún ẹlòmíì yẹn. Ilẹ̀ Ìbàdàn kì í tètè mu omi pàápàá, amọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, àpáta sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba ilẹ̀ gbangba tó kù, ẹ fi koríko sí i tàbí kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Bí ẹnìkan bá ti fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo ọgbà rẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó hú ìlà kan létí ògiri, kó gbin nǹkan síbẹ̀. Kí olúkúlùkù sì gbé dúrọ́ọ̀mù tàbí táńkì sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni pé táńkì tó ti kún láti àná kò lè gba omi òní. Ẹ lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, kó máa ṣófo díẹ̀díẹ̀ kí òjò mìíràn tó dé. Bí ilé 40 bá dá lítà 500 péré dúró lẹ́ẹ̀kan náà, lítà 20,000 ni ìṣàn yín kò ní rí ní ìdajì wákàtí tó burú jù.

Igi wá kàn, alága. Mi ò kọ igi, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ooru tó ń mú yín ní oṣù kejì sí ìkẹta, igi ló lè bá yín dín in kù lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n igi ọgọ́rùn-ún tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ kan tí gbogbo ènìyàn yà fọ́tò sí, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́ tán kó tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní Freetown ní Sàró. Lẹ́yìn tí òkè ya lulẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 tó sì pa ènìyàn tó pọ̀ gan-an, olórí ìlú wọn, Yvonne Aki-Sawyerr, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ igbó gbíngbìn tí wọ́n fẹ́ kó dé mílíọ̀nù igi kan. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló ń tọ́jú igi náà. Wọ́n ń ya fọ́tò igi kọ̀ọ̀kan sórí fóònù láti fi hàn pé ó ṣì wà láàyè, owó wọn sì wà lórí ìtọ́jú yẹn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Igi mẹ́wàá tó, kí ẹ yan ọmọ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí owó rẹ̀ máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bí igi bá yè. Ẹ gbin máńgòrò, fúrúntù tàbí dóńgóyárò, tó ní ibòji. Igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń gbìn sẹ́nu géètì, tó dà bí eégún tó dúró, kò ṣíji bo ẹnikẹ́ni. Létí odò gan-an, ẹ lo ọparun àti koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ jinlẹ̀.

Ohun kan wà tí kò náni ní nǹkan kan, mo sì fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bẹ ará òkè kan kó fi ọ̀dà pupa fa ilà sára afárá wọn, níbi tí omi ń dé kó tó ya wọ ọ̀dọ̀ yín. Ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, kó wo aago nígbà tí omi bá kan ilà náà, kí ẹ̀yin náà wo aago nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ó mọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ ní. Bó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú tó láti gbé àwọn arúgbó, ọmọ àti ìwé jáde, tí ìpè fóònù bá wà. Ẹ fi igò tí ara rẹ̀ gún régé àti rúlà wọn òjò, kí àwọn ọmọ iléèwé máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé yẹn, pẹ̀lú ọjọ́ àti mílímítà, ni ẹ ó gbé lọ bá káńsù nígbà tí ẹ bá ń béèrè pé kí wọ́n fẹ kọ́fáàtì. Mo ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ka ìwé ẹ̀bẹ̀: èyí tó ní iye nínú kì í rọrùn láti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àjọ NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, náà a máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí akọ̀wé máa kà á sétí ẹgbẹ́.

Nípa pàǹtírí tí wọ́n ń sun àti jẹnẹrétọ̀, ní kúkúrú: ẹ dẹ́kun sísun ọ̀rá, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yín ló ń kọ́kọ́ gbà á. Ẹ ya èèpo ìṣu àti ewé sọ́tọ̀ fún ajílẹ̀. Bí ẹ bá ní kànga ẹ̀rọ tí gbogbo àdúgbò jọ ń lò, ẹ gbé e sórí sólà nígbà tí owó mìíràn bá wọlé. Ẹni tó sì ń ṣí ṣáláńgá rẹ̀ sínú àgbàrá nígbà òjò, ẹ pè é jókòó, torí àrùn onígbáméjì kì í yan ilé.

Mo fi èyí tó nira jù sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé méjìlá yẹn wà lójú odò gan-an. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò níí gbà fún un, ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ onílé tí kò gbà, tí àgbàrá sì gbà á lọ́wọ́ wọn lóru. Kò sí gọ́tà tí ẹ lè kó tí yóò gba irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí kátápílà bá dé. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nísinsìnyí pẹ̀lú ìfẹ́, kí àwọn tó ń sùn nísàlẹ̀ ilé máa sùn sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá, kí ẹgbẹ́ sì bá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò jẹ̀bi jù wá lọ. Ẹnìkan ló ta ilẹ̀ yẹn fún wọn, àwa la sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹun ìṣílé.

Owó yín ńkọ́? Bó bá jẹ́ èmi ni akápò, ìdajì rẹ̀ á lọ sí típà àti owó ẹni tó ń ṣọ́ kọ́fáàtì títí òjò ọdún yìí fi parí. Bí ₦150,000 á lọ sí ọ̀dọ̀ ará òkè, fún òkúta àti oúnjẹ ọjọ́ àáró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò dá kọ́bọ̀ kan. Àwọn kan yóò bínú sí èyí ní ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú, kí ẹ sì tún ìṣirò òrùlé yẹn ṣe lójú wọn. Igi mẹ́wàá àti ìtọ́jú rẹ̀ kò ní gbà ju ₦100,000 lọ. Ìyókù, ẹ fi í sílẹ̀ ní báńkì fún ọjọ́ tí omi bá tún wọlé, torí ó ṣì lè wọlé lọ́dún àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó pe ìpàdé, lẹ́yìn òjò tó ń bọ̀ yìí, kí ẹ̀yin àti alága wọ bàtà òjò, kí ẹ lọ sí ibi tí ìṣàn yẹn ti wọ àdúgbò yín, kí ẹ wo ohun tó gbé wá. Bó bá jẹ́ iyanrìn funfun tí wọ́n fi ń mọ bùlọ́ọ̀kù, ẹ tọ̀ ọ́ gòkè títí ẹ ó fi rí ilé tí wọ́n ń kọ́. Bó bá jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa, ojú ọ̀nà kan ló ń jẹ. Bó bá jẹ́ ọ̀rá àti páálí, ọjà kan wà lókè, ìyálọ́jà ibẹ̀ sì ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ kí.